Ọdún tí Ìyá Àgbà Fi Àkísà So Àpò Ẹ̀gẹ́

Ọ̀bẹ ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe àkùkọ. Bí àwọn àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á jókòó sórí àpótí níwájú òkìtì ẹ̀gẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ṣìrì, ṣìrì, ṣìrì. Kò ní pẹ́ tí ayùn bàbá mi á fi dáhùn láti iwájú ilé, nítorí káfíńtà ni bàbá mi, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lójúde ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Èyí ló fà á tí ilé wa fi ní òórùn méjì: òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń kan nínú àpò láti ẹ̀yìnkùlé, àti òórùn pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ láti iwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwọn méjèèjì á pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìyá mi ti ń po ẹ̀kọ àárọ̀. Mo ti gbé ìlú mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò rí ilé tó ń rùn bẹ́ẹ̀ mọ́, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gan-an.

Ọwọ́ bàbá mi mọ́ níṣẹ́, kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Ohun tí àwọn oníbàárà ń bá wọn jà sí ni pé iṣẹ́ kì í tán. Bí ẹ bá wọ ojúde wa nígbà náà, ẹ ó rí àga tí kò ní apá, kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì tó ku ìgbèrí. Bàbá mi á ń fá pákó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, wọ́n á ṣàdédé rántí pé àwọn ti ṣèlérí tábìlì fún ẹnì kan, wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Kí tábìlì tó dìde, ọ̀rọ̀ mìíràn á ti dé. Wọ́n á máa wá pẹ́ńsùlù káàkiri ilé, wọ́n á máa jágbe mọ́ wa pé ta ló gbé e, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn etí wọn ló wà. Kò sí ọmọ tó tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà nìkan ló lè na ọwọ́, kí wọ́n yọ pẹ́ńsùlù náà, kí wọ́n sì fi lé bàbá mi lọ́wọ́.

Èmi Sìdíkátù, tí wọ́n ń pè ní Sìdí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi rán mi tó ń délé bí ẹ ṣe rán an. Ẹ ní kí n ra iyọ̀ àti ìṣáná, màá mú ìṣáná bọ̀, màá sì ròyìn bí aláǹgbá méjì ṣe ń jà lórí ògiri. Bàtà mi kì í pé méjì. Mo ti wọ ilé-kéwú lọ rí pẹ̀lú wàláà ẹlòmíràn, nígbà tí tèmi wà lórí igi ìdáná tí ìyá mi fẹ́ẹ̀ fi dáná. Olùkọ́ mi nílé ìwé ní mo ní ọpọlọ ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni mò ń wò. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn á pè mí ní aláìlétí, ẹni tí inú bá ń bí á pè mí ní ọ̀lẹ, àwọn kan tilẹ̀ ń bi ìyá mi bóyá wọ́n ti gbé mi lọ síbì kan fún àdúrà. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé mo máa ń gbìyànjú. Bí mo bá ti kúrò níwájú yín, ẹnu mi á ṣì máa ka ohun tí ẹ sọ: iyọ̀, ìṣáná, iyọ̀, ìṣáná. Bí mo bá fi máa dé kọ̀rọ̀, ọ̀kan ti jábọ́, mi ò sì ní mọ̀ pé ó jábọ́ títí màá fi padà dé, tí màá rí ojú yín. Mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ báyìí, mo ṣì máa ń wá gíláàsì ojú mi nígbà tó wà lójú mi, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni mí, wọn kì í na àgbàlagbà.

Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kan. Bí wọ́n bá ti lọ ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè máa ro, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún nílé tiwa kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà lẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba. Ibi tí oníkálukú fara tì ni Ìyá Àgbà fi ń mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí wàhálà mi dé, wọ́n ní kí n wọ́ àpò tó fara ti kànǹga jáde fún àwọn obìnrin tó ń bá wa yan gàrí, kí n má fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí n sì pọn omi sí ìkòkò bí mo bá ń bọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Adìyẹ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ jáde ló gba iwájú mi kọjá, mo sì dúró ka àwọn ọmọ rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, mo rántí ìyẹn di òní. Àpò tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo wọ́ jáde, èyí tí kò tí ì ju ọjọ́ méjì lọ, wọ́n sì yan án tán porogodo.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni obìnrin kan tó ń ra gàrí lọ́wọ́ wa dé láti Ìjagùn. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín agbo ilé, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi sí abọ́, ó da ẹ̀kún ọwọ́ gàrí kan sí i, ó sì fi abọ́ náà lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọn ò mu ún mọ́. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn ní òun rò pé Ìyá Àgbà ló ṣì ń ṣe é fúnra wọn ni. Ní àdúgbò tiwa, kí wọ́n dá gàrí padà fún arúgbó nítorí pé kò kan, ó sàn kí wọ́n bú u. Ìyá Àgbà gbé abọ́ náà dání fún ìgbà pípẹ́, n kò sì rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo sá sẹ́yìn ilé, mo sunkún títí òṣùkè fi mú mi.

Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ náà ni bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ Ìbẹ̀fun. Àbúrò bàbá wọn kan ń gbé níbẹ̀, àgbàlagbà tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Ìbẹ̀fun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ tí kò gbọ́ràn lọ. Ẹgba rẹ̀ máa ń so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ síbẹ̀ fún ọdún kan, nígbà tó dé, kì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá bi í. Bàbá mi ní kí ìyá mi palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo ti ba orúkọ ilé jẹ́ tó. Omi ló kàn ń dà lójú ìyá mi. Bàbá mi wá fi kún un pé kì í ṣe ibi burúkú, ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbẹ̀fun ni àwọn náà gbé ní kékeré, tí àwọn fi gbọ́n.

Ìyá Àgbà bojú wo àga tí kò ní apá, wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn, wọ́n wá wo ọmọ wọn. Ìjẹ̀bú tó ki ni Ìyá Àgbà ń sọ, èmi ni mo ń tún un sọ lọ́nà tí gbogbo wa á fi gbọ́. Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbọ́n?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí bàbá mi fún àwọn títí di Iléyá. Bí n kò bá yàtọ̀ nígbà náà, àwọn fúnra àwọn ni yóò mú mi dé Ìbẹ̀fun. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ìyá mi má tú ẹrù náà o. Àpò rafíà kékeré ni, ó sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi láti ọjọ́ náà lọ, mo máa ń fẹsẹ̀ kàn án bí mo bá yírapadà.

Mo rò pé Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí ni. Wọn kò ṣe nǹkan kan fún bí ọ̀sẹ̀ kan ju pé wọ́n ń wò mí. Wọ́n á rán mi, wọ́n á wá dìde tẹ̀lé mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́ láti mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàṣẹ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ohun méjì rán Sìdí lẹ́ẹ̀kan mọ́. Iyọ̀ ni, iyọ̀ náà ni. Bó bá dé, kó padà lọ fún ìṣáná. Ìyá mi ní ẹsẹ̀ ọmọ á kán. Ìyá Àgbà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ rìn, ẹ jẹ́ kó rìn. Bí mo bá ní láti pọn omi, wọ́n á gbé korobá dí ẹnu ọ̀nà gan-an, tí n kò ní lè jáde láì fẹsẹ̀ gbún un. Wàláà mi kúrò nínú yàrá, wọ́n fi ìṣó kọ́ ọ sára ilẹ̀kùn ìta. Bàtà mi ní ojú kan ṣoṣo lórí ilẹ̀, wọ́n fi èédú ya àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì síbẹ̀. Bí mo bá sì tún gbàgbé, wọn kì í bú mi. Wọ́n á bojú wo ohun tí mo gbàgbé, wọ́n á ní, "Ibi tó wà ni kò dára," wọ́n á sì gbé e lọ síbòmíràn. Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi gbọ́ pé èmi ni kò dára.

Òkìtì ẹ̀gẹ́ ńlá máa ń dẹ́rù bà mí; mo máa ń bó mẹ́ta, kí n wá máa fi èèpo rẹ̀ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ìyá Àgbà ò gbé òkìtì síwájú mi mọ́. Ẹyọ mẹ́wàá ni wọ́n ń kà fún mi, àwọn náà á ka mẹ́wàá, a ó jọ jókòó, orúnkún wa á fẹ́ẹ̀ kan ara wọn. Bí mẹ́wàá bá tán, mo lómìnira láti sáré yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, kí n tó padà wá gba mẹ́wàá mìíràn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi ò jẹ́ kí orí mi sá lọ, wọ́n ní kí n máa ka táímùsì ilé ìwé bí ọ̀bẹ ṣe ń lọ. Méje lọ́nà mẹ́jọ, mo mọ̀ ọ́n lórí ẹ̀gẹ́, n kò mọ̀ ọ́n lórí bẹ́ǹṣì rí. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa o. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo jẹ́ kí gàrí odidi agbada kan jóná nítorí pé mò ń gbọ́ ìròyìn rédíò aládùúgbò, bàbá mi sì fi ìka tọ́ka sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ọ̀rọ̀ àpò ẹ̀gẹ́ ni Ìyá Àgbà fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn, wọ́n kó àkísà kan jáde láti ìsàlẹ̀, àwọn àkísà tó ti gbó jù mí lọ, tí wọ́n ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já kékeré. Àpò tí a bá lọ lọ́jọ́ Àtàláátà á gba pupa, ti Àlàrùbá á gba búlúù, ti Àlàmísì á gba funfun, ti Jímọ̀ á gba aláwọ̀ ewé nítorí pé ọjọ́ ọlọ́lá ni. Ọrùn àpò ni a ń so ó mọ́. N kò nílò láti rántí ibi tí àpò fara tì mọ́, mo kàn ní láti wo ọrùn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àpò Ìyá Àgbà ti ń wé gèlè. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n kí ìyàwó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá pé nígbà tí wọ́n pe Ìyá Àgbà sí fìdáù ìbátan wọn kan ní Òdògbolú. Ọjọ́ méjì ni wọn yóò lò. Àpò mẹ́ta wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà ti ń dúró de gàrí ọdún, obìnrin ará Ìjagùn náà sì wà lára wọn, ó ní òun á tún dán wa wò. Ìyá Àgbà fi àwọn àpò náà lé mi lọ́wọ́ lójú bàbá mi. Ní àárọ̀ Àìkú, kí n wọ́ aláwọ̀ pupa jáde. Ohun kan ṣoṣo náà nìyẹn. Bàbá mi ní àwọn gbọ́, ojú wọn sì sọ ìyókù: bí èyí bá bàjẹ́, Ìbẹ̀fun ni.

Ní àárọ̀ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni tó pè mí, mo ti wà lẹ́yìnkùlé. Àpò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lọ́rùn wọn. Mo yí wọn po. Mo wo ilẹ̀, mo wo inú kànǹga pàápàá. Wọ́n ti sún wọn kúrò lójú àyè wọn láti fi wá ọ̀nà gbé pákó kọjá, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀ wọ́n. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ti dáná. Mo sáré lọ síwájú ilé láti pe ìyá mi, bàbá mi ni mo sì bá lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n ń kun kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n fẹ́ parí kí ọdún tó dé. Àkísà pupa ni wọ́n fi ń nu ọ̀dà náà. Funfun àti búlúù ti rẹ sínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo kàn dúró, mo ń wo ọwọ́ wọn. Bàbá mi bi mí pé kí ló dé, àwọn náà wá wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní àwọn ń wá ohun tí àwọn máa fi nu igi ni, àwọn rí àkísà lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún olùkọ́. Ni wọ́n bá na àkísà pupa náà sójú oòrùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì jókòó sórí pákó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní bùbá àwọn ni. Bùbá tí àwọn wọ̀ ní kékeré. Ìyá àwọn máa ń so ó mọ́ ọrùn àpò nígbà náà kí àwọn lè dá àpò mọ̀, kí wọ́n tó mú àwọn lọ sí Ìbẹ̀fun.

Láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá mi, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ Ìbẹ̀fun ju gbólóhùn kan lọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta ni àwọn lò níbẹ̀. Bàbá àwọn ló ní kí àwọn lọ, Ìyá Àgbà bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò gbọ́. Wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń na àwọn nítorí ohun tí àwọn gbàgbé lánàá, kí ìrora ọjọ́ kan tó lọ, òmíràn ti dé. "Mi ò yé gbàgbé," ni bàbá mi wí. "Irọ́ pípa ni mo kọ́ níbẹ̀."

Ọ̀sán ni Ìyá Àgbà wọlé láti Òdògbolú. Iná ti kú, àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n káwọ́ gbera. Ìyá Àgbà wo àwọn àpò tí ọrùn wọn ṣófo, wọ́n yíjú sí mi. Bàbá mi lè dákẹ́. Mo ti ń rò ó láti ọdún náà wá, wọ́n lè dákẹ́, kò sì sẹ́ni tí ì bá gbà mí gbọ́. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá wọn, ẹni tó ní ọmọ márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá mi, èmi ni mo tú u. Ọmọ náà kò gbàgbé nǹkan kan."

Ìyá Àgbà ní kó dìde. Wọ́n fi ìka bu díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbá èkejì pẹ́ẹ́ pé òun nìyẹn, kí wọ́n dáná. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú kan lọ. Obìnrin ará Ìjagùn gba gàrí tirẹ̀ kí Iléyá tó pé, kò dá a padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n fa àpò rafíà náà jáde, wọ́n sì kó aṣọ inú rẹ̀ padà sórí okùn fúnra wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò tọrọ gáfárà. N kò retí rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn ní àlùjánnà. Mo wá gbà pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí àbígbẹ̀yìn mi, Àníkẹ́. Kì í jókòó, kì í parí iṣẹ́, ó ti sọ ìwé mẹ́fà nù. Ojú ń tì mí láti sọ èyí: èmi Sìdí gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé kan tí ọmọ ń gbé, èyí tí wọ́n ní wọn kì í gba ìwàkiwà níbẹ̀, mo sì kọ orúkọ ọmọ mi sí i. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà, bàbá mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, sì ní àwọn á bá wa lọ.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀, bá Àníkẹ́ ṣeré, ó bi wá ní ìbéèrè púpọ̀, a sì padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó ní ADHD ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aláìgbọ́ràn, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń di nǹkan mú ni kò rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oògùn wà tó lè ran àwọn kan lọ́wọ́, a ó jọ wò ó. Ní báyìí ná, kí a fi ohun kan rán an lẹ́ẹ̀kan, kí a gé iṣẹ́ rẹ̀ sí kékeré, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ohun tó nílò wà níbi tí ojú rẹ̀ á ti rí i. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Arúgbó kan tí kò mọ ìwé ti ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi lórí òkìtì ẹ̀gẹ́.

Bàbá mi béèrè bóyá ó máa ń wà lára àgbàlagbà náà. Dókítà ní ó máa ń wà, pé ẹlòmíràn máa ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ láì mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi wá ní kó jọ̀ọ́ kọ orúkọ náà sórí ìwé fún àwọn, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Dókítà bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ fi hàn.

"Kò sí," ni bàbá mi wí. "Àwọn tó yẹ kí n fi hàn ti kú. Èmi ni mo fẹ́ máa rí i."

A ti dé ìdí mọ́tò kí wọ́n tó rí i pé àwọn gbàgbé ìwé náà sórí tábìlì dókítà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé àwọn. Wọ́n fi ọ̀pá padà lọ, wọ́n pẹ́, wọ́n sì dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti orí òfìfo, nítorí wọ́n ti wá fi fìlà sílẹ̀ níbẹ̀. A kò rán Àníkẹ́. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fúnra rẹ̀, ó ti ń sáré lọ mú fìlà bàbá àgbà rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti yọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá mi ń wò ó lọ títí ó fi wọlé. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé náà wà nínú báàgì mi, n kò sì tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn rí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n mọ̀.

"Sìdí," ni wọ́n wí, "má rán ọmọ yìí lọ síbì kankan."